‘Kí’ ti Àná: Ìrísí àti Ìlò Imparfait du Subjonctif nínú Èdè Faransé

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo nínú èdè Faransé ni n óò sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi dá mi lóhùn. Ẹnì kan tilẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí n kò fi òkú sílẹ̀ fún àwọn tí ń sin òkú. Ìdáhùn tí mo fún un ni pé ohun náà kò kú tán. Ó ti kúrò lẹ́nu ènìyàn, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé, ẹni tí kò bá sì dá a mọ̀ yóò máa ka ìtàn àwọn Faransé bí ẹni tí ń fi ojú kan wòran. Ìdí mìíràn tún wà. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ rí lórí ìwé ìdánwò, mo sì rò pé ó yẹ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. N óò dé ibẹ̀.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ gírámà Faransé ń pè é ni imparfait du subjonctif. Orúkọ náà wúwo lẹ́nu, nítorí náà ‘kí ti àná’ ni èmi yóò máa pè é. Subjonctif ni ìrísí tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń mú nígbà tí ohun tí à ń sọ kì í ṣe ìròyìn nǹkan tí ó ṣẹlẹ̀, bí kò ṣe ohun tí a fẹ́, tí à ń bẹ̀rù, tí à ń ṣiyèméjì lé lórí, tàbí tí a pàṣẹ rẹ̀. Yorùbá náà ya irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. ‘Mo mọ̀ pé ó ń bọ̀’ yàtọ̀ sí ‘mo fẹ́ kí ó wá’. Pé ni a fi ń gbé ìròyìn kalẹ̀, kí ni a fi ń gbé ìfẹ́ kalẹ̀. Faransé kò ní ọ̀rọ̀ méjì fún iṣẹ́ méjèèjì yìí. Que kan náà ni ó ń lò. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń hàn: je sais qu’il vient, je veux qu’il vienne. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà lẹ́yìn kí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé kò sí nǹkan tí ó ń yí padà níbẹ̀ rárá. Arọ́pò-orúkọ ẹni kìíní ẹyọ ń yí padà: ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ‘kí mo lọ’, ‘kí n lọ’ ni à ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbọ́ ‘kí ó yóò lọ’. Àmì wà nínú èdè méjèèjì. Ibi tí oníkálùkù fi tirẹ̀ sí ni ó yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà gan-an ni ọ̀ràn àsìkò. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí tí ó wà nínú òwe yẹn kò sọ àná, kò sì sọ òní. Bí mo bá wí pé ‘ó ń fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ka ìwé’, mo lè máa sọ nípa aládùúgbò mi tí ó wà láàyè, mo sì lè máa sọ nípa bàbá bàbá mi tí ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e ni yóò fi àsìkò hàn. Faransé àwọn àgbà ònkọ̀wé kò gba irú ìyẹn. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe inú olórí awẹ́ gbólóhùn bá jẹ́ ti òní, il veut que son fils lise ni wọn yóò kọ. Bí ó bá jẹ́ ti àná, il voulait que son fils lût ni. Lise ni kí ti òní, lût ni kí ti àná. Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ tí mo fún un.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ṣe ń ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ti ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láìnídìí, nítorí pé nínú gbogbo ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé, díẹ̀ ni àwọn tí òfin wọn tọ́ tó tirẹ̀. Inú passé simple ni a ti ń mú un, ìyẹn àsìkò tí àwọn ònkọ̀wé fi ń pìtàn. Ẹ mú ẹni kejì ẹyọ rẹ̀, kí ẹ sì fi àfòmọ́ ìparí -se kún un. Tu parlas di que je parlasse. Tu finis di que je finisse. Tu lus di que je lusse. Tu vins di que je vinsse. Ó parí. Ohun tí ó kù ni kí á fi àmì ẹni tí ń ṣe nǹkan náà sí i: que je parlasse, que tu parlasses, qu’il parlât, que nous parlassions, que vous parlassiez, qu’ils parlassent. Être pàápàá, tí kì í tẹ̀lé òfin ẹnikẹ́ni, tẹrí ba fún òfin yìí: fusse, fusses, fût, fussions, fussiez, fussent. Avoir náà ṣe bẹ́ẹ̀: eusse, eusses, eût, eussions, eussiez, eussent.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe kíkọ́ kí ti àná. Passé simple ni kí ó kọ́ dáadáa. Ìró mẹ́rin péré ni ó lè jáde níbẹ̀. A ni ti gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó parí sí -er, títí kan aller, tí ó di allasse. I ni ti finir àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti ti ọ̀pọ̀ mìíràn bíi faire, voir, prendre, mettre: fisse, visse, prisse, misse. U ni ti pouvoir, savoir, vouloir, vivre, mourir: pusse, susse, voulusse, vécusse, mourusse. Ìró àránmúpè in kò sí níbòmíràn bí kò ṣe lára venir àti tenir àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí, bíi devenir àti retenir. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó yapa. Àwọn tí kò ní passé simple, bíi traire, tí í ṣe kí á fún wàrà màlúù, tàbí clore, tí í ṣe kí á pa nǹkan dé, àwọn wọ̀nyí kò ní kí ti àná rárá, nítorí ibi tí kò sí gbòǹgbò, ewé kò lè hù níbẹ̀.

Ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí ojú tètè rí i lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe bíi finir. Que je finisse ti òní àti que je finisse ti àná kò yàtọ̀ ní ẹyọ lẹ́tà kan. Nínú ènìyàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní, ẹni kẹta ẹyọ nìkan ni ó fi ìyàtọ̀ hàn: qu’il finisse lónìí, qu’il finît lánàá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń bú kí ti àná ni ó ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí láìmọ̀.

Ẹni kẹta ẹyọ yẹn ni ó yẹ kí á dúró tì díẹ̀. Kò gba -se. T ni ó gbà, fáwẹ́lì tí ó ṣáájú t náà sì dé fìlà: parlât, finît, fût, vînt. Fìlà náà ní ìtàn. Ní ayé àtijọ́, parlast ni wọ́n ń kọ. S náà kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu, ó sì wà nínú ìwé fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí etí ti gbàgbé rẹ̀, títí di ọdún 1740, nígbà tí ẹ̀dà kẹta ìwé atúmọ̀ èdè ti Académie française yọ ọ̀pọ̀ irú s bẹ́ẹ̀ kúrò, tí ó sì fi àmì onífìlà rọ́pò púpọ̀ nínú wọn. Bákan náà ni fenestre ṣe di fenêtre. Ibi tí ẹ bá ti rí fìlà yẹn lára kí ti àná, ẹ mọ̀ pé lẹ́tà kan ni wọ́n sin síbẹ̀. Haïr, tí í ṣe kí á kórìíra, pẹ̀lú ouïr tí ó ti gbó, kì í dé e, nítorí pé ẹ̀kán méjì ti wà lórí i wọn tẹ́lẹ̀. Orí kan kò sì lè dé fìlà méjì.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá mọ ohun tí àmì orí fáwẹ́lì lè ṣe. Ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ohùn ni àmì tiwa dúró fún, etí sì ń gbọ́ ọ. Fut àti fût kò ní ìyàtọ̀ kankan létí. Ojú nìkan ni ó lè yà wọ́n, ìtumọ̀ wọn sì jìnnà síra. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀ràn ilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ce procès, mon père l’eût gagné. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ‘ẹjọ́ yẹn, bàbá mi ìbá jàre rẹ̀’. Kò jàre rẹ̀. Ohun kan dí i lọ́wọ́: bóyá ikú ni, bóyá owó lọ́yà ni. Bí adàwékọ bá gbàgbé fìlà yẹn, tí ó kọ l’eut gagné, bàbá náà ti jàre nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá ní láti mọ̀ pé fìlà kékeré yẹn ni ó gbé odindi ‘ìbá’ wa rù.

Báwo ni ‘ìbá’ ṣe dé ibẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù ni a ó ti rí ìdáhùn. Cantavissem ni Látìn ń wí fún ohun tí ó jọ ‘ìbá ṣe pé mo ti kọrin’. Nígbà tí ó yá, ẹnu gé e kúrú sí cantassem. Láti ibẹ̀ ni Faransé ti rí chantasse, tí èdè Potogí rí cantasse, tí ti Ítálì rí cantassi, tí ti Sípéènì sì rí cantase. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ròmáníà náà, ṣùgbọ́n wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà: cântasem lẹ́nu tiwọn kò ní ìfẹ́ tàbí iyèméjì nínú mọ́, ìròyìn lásán ni, ‘mo ti kọrin kí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀’. Látìn ní imparfait du subjonctif tirẹ̀ gan-an, cantarem, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dé ọ̀dọ̀ Faransé. Ohun tí à ń pè ní imparfait lónìí, ọmọ plus-que-parfait ni. Oyè ìdílé mìíràn ni ó jẹ. Àmì ilé tí ó ti wá kò sì parẹ́ lára rẹ̀.

Ìlò rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì, ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò sì rí i pé ọ̀rọ̀ méjì ni àwa ní fún un: kí àti ìbá.

Ti kí ni ó wọ́pọ̀ jù. Bí olórí awẹ́ gbólóhùn bá wà ní àsìkò àtẹ̀yìnwá, tí awẹ́ gbólóhùn afarahẹ sì gba subjonctif, kí ti àná ni òfin béèrè. Il fallut que le vieillard vendît sa terre: ó di dandan kí bàbá arúgbó náà ta ilẹ̀ rẹ̀. Je ne croyais pas qu’elle fût malade: n kò gbà pé ara rẹ̀ kò yá. Lẹ́yìn avant que, bien que, afin que, sans que, bẹ́ẹ̀ náà ni: avant que le soleil se couchât, kí oòrùn tó wọ̀, sans qu’on le sût, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí nǹkan náà bá ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, a ó fi eusse tàbí fusse ṣe olùrànlọ́wọ́: je craignais qu’il ne fût parti. Ne tí ẹ rí nínú gbólóhùn yẹn ti ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Kì í ṣe ìyísódì. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó ti lọ, kì í ṣe pé kò tí ì lọ. Kò yẹ kí ó rú Yorùbá lójú, nítorí àwa náà ń sọ pé ‘ẹ̀rù ń bà mí kí ó má baà kú’, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò rò pé ikú ọ̀hún ni mò ń tọrọ.

Òfin yìí kì í ṣe ti afọ́jú pátápátá. Bí ohun tí à ń sọ bá ṣì dúró títí di òní, àwọn àgbà ònkọ̀wé a máa lo kí ti òní lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe àná. Il a voulu que sa maison soit ouverte à tous: ó fẹ́ kí ilé rẹ̀ wà ní ṣíṣí fún gbogbo ènìyàn, ìlẹ̀kùn náà sì wà ní ṣíṣí bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Il voulait que sa maison fût ouverte à tous: bí ó ti fẹ́ nìyẹn ní ayé rẹ̀, bí ó ti rí báyìí, gbólóhùn náà kò bá wa dé ibẹ̀. Nígbà tí kí ti àná ti lọ, ìyàtọ̀ yìí bá a lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé Faransé pàdánù nínú ọ̀ràn yìí nìyẹn, n kò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti ìbá, níbi tí kí ti àná ti ń dá dúró láìfara ti que. Fût-ce un roi: ìbáà ṣe ọba. Ne fût-ce qu’une heure: ìbáà ṣe wákàtí kan péré. Dût-il en mourir: ìbáà já sí ikú fún un. Plût à Dieu qu’il vécût: Ọlọ́run ìbá jẹ́ kí ó wà láàyè! Ẹ wo gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn yìí dáadáa. Kí ti àná méjì ni ó wà nínú rẹ̀, plût àti vécût. Ìbá ni a fi túmọ̀ èkíní, kí ni a fi túmọ̀ èkejì. Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń fi gbólóhùn yìí kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá. Mo sì ti rí i pé ó yé wọn ju àlàyé gígùn èyíkéyìí lọ.

Kí wá ló dé tí àwọn Faransé kò fi sọ ọ́ lẹ́nu mọ́? Ìdí tí wọ́n sábà máa ń wí ni pé kò dùn létí. Wọ́n ní -asse ń dún bí àfòmọ́ ìparí tí wọ́n fi ń bu nǹkan kù, irú èyí tí ó wà lára paperasse, ìyẹn pépà jákujàku. Wọ́n ní que je pusse ń dún bí puce, kòkòrò kékeré tí ń fò kiri lára ajá, àti pé que je susse ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fa nǹkan mu. Aláwàdà ònkọ̀wé nì, Alphonse Allais, tí ó kú ní ọdún 1905, kó irú wọn jọ sínú ewì ẹ̀fẹ̀ kan, Complainte amoureuse, títí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà fi di yẹ̀yẹ́. Èmi kò gba ìdí yìí. Falássemos tí àwọn Potogí ń wí kò fúyẹ́ ju parlassions lọ, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í fi í rẹ́rìn-ín. Ní Bùràsíìlì, láàárín àwọn ọmọ ọmọ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lọ sí Bàhíà, ẹni tí kò fojú kan ilé ìwé rí ń sọ pé eu queria que ele viesse, mo ń fẹ́ kí ó wá, láàárín ọjà, láìronú. Viesse yẹn àti vînt, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan ń ta ẹja lọ́jà, èkejì jókòó sínú àwọ̀n gíláàsì.

Ìdí tí ó tẹ̀wọ̀n lójú mi ni pé passé simple tí í ṣe gbòǹgbò rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu àwọn Faransé. Ẹni tí kì í sọ il vint mọ́, níbo ni yóò ti rí vînt? Àwọn ará Bùràsíìlì kò sọ gbòǹgbò tiwọn nù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí léèrè, n óò fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé àwọn ará àríwá Ítálì náà kì í fi bẹ́ẹ̀ lo passé simple tiwọn lẹ́nu mọ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wí volevo che venisse. Nítorí náà ìdí kan ṣoṣo kò tó. Ohun tí mo rò ni pé, lẹ́yìn tí gbòǹgbò ti gbẹ, àwọn Faransé wá rí i pé àwọn lè gbọ́ ara wọn yé láìsí ewé náà. Voulait ti sọ pé àná ni. Kí ni lût tún fẹ́ sọ kún un? Je voulais qu’il vienne ni wọ́n ń wí báyìí, àti ọ̀mọ̀wé àti onífàájì. Bí Yorùbá ti ń ṣe é láti ilẹ̀ nìyẹn: olórí gbólóhùn ni yóò ru ẹrù àsìkò, kí yóò sì máa fọwọ́ fẹ́rẹ́ tẹ̀lé e.

Ìjọba wọn pàápàá ti fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 26 oṣù Fẹ́búárì ọdún 1901, Georges Leygues tí í ṣe mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan tí ó gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti lo kí ti òní lẹ́yìn conditionnel, bí ẹni pé je voudrais qu’il vienne. Ní ọjọ́ 28 oṣù Dísẹ́ḿbà ọdún 1976, ìwé àṣẹ mìíràn tí René Haby fọwọ́ sí ṣí ìlẹ̀kùn náà gbalasa: lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe àná èyíkéyìí, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò ìjọba Faransé nítorí pé ó kọ kí ti òní. Nígbà tí wọ́n tún àkọtọ́ ṣe ní oṣù Dísẹ́ḿbà ọdún 1990, tí wọ́n sì ní kí á máa ṣí fìlà kúrò lórí i àti u nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n fi fìlà kí ti àná sílẹ̀. Kò lọ sílé, kò sì kúrò lójú ọ̀nà. Nínú ìtàn àròsọ, ẹni kẹta ẹyọ ṣì ń jáde, fût àti eût jù lọ. Àwọn ìwé Proust, tí ó jáde láàárín ọdún 1913 àti 1927, kún fún un. Camus, ẹ̀wẹ̀, fi passé composé, àsìkò tí àwọn ènìyàn ń sọ lẹ́nu, pìtàn L’Étranger ní ọdún 1942. Irú ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè máa wí parlassions, bí ẹni tí ó wọ agbádá lọ sóko ni yóò rí.

Ọ̀ràn tiwa ní ilẹ̀ Áfíríkà yàtọ̀ díẹ̀. Ọmọ Párísì gbọ́ Faransé lẹ́nu ìyá rẹ̀ kí ó tó pàdé kí ti àná nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí àti ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, inú ìwé àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé Faransé. Ó dé bá wọn bí odindi aṣọ, wọn kò sì mọ èyí tí onílé kì í wọ̀ jáde mọ́. Láti ìgbà náà ni kí ti àná ti di ẹ̀rí pé ènìyàn kàwé. Léopold Sédar Senghor ti Sẹ̀nẹ̀gà, tí ó gba agrégation nínú gírámà Faransé ní ọdún 1935, tí wọ́n sì dìbò yàn sínú Académie ní ọdún 1983, fi hàn pé ọmọ Áfíríkà lè mọ òfin ilé náà ju ọmọ onílé lọ. Ọlá ńlá ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ọlá fún ẹnì kan lè di pàṣán lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ti wọlé.

Ní ọdún 2003, mo yẹ ìwé ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ kan wò, ọmọ agbègbè Kétu tí ó ti fi Faransé ka ìwé láti kékeré kí ó tó sọdá wá bá wa. Àròkọ rẹ̀ dá lórí ìdílé rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: il fallait que mon père vende sa terre. Mo fi bírò pupa pa vende rẹ́, mo kọ vendît sókè rẹ̀, mo sì yọ máàkì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́rin. Nígbà tí èsì jáde, máàkì méjì ni ó dù ú ní ipò tí ó tọ́ sí i. Ó wá bá mi nínú ọ́fíìsì, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo ń sọ. Bí bàbá mi bá gbọ́ vendît, wọn ò ní mọ̀ pé àwọn ni mò ń bá wí.” Mo ní kí ó dìde, mo ka òfin fún un, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó fi ara balẹ̀ ka ìwé àṣẹ ọdún 1976, nígbà tí mò ń múra ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀. Òfin Faransé kì í ṣe òfin tiwa lóòótọ́, àwa ni a sì ń ṣètò ìdánwò wa. Ṣùgbọ́n ó tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí Faransé fúnra rẹ̀ ti dẹ́kun láti fi ohun yìí jẹ ọmọ níyà kí n tó fi jẹ ọmọ Kétu níyà. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé èmi fúnra mi kì í sọ vendît lẹ́nu. Bí mo bá ń bá àwọn Faransé sọ̀rọ̀, vende ni èmi náà ń wí. Èsì ti di fífọwọ́sí, kò ṣeé yí padà. Mo kọ lẹ́tà sí i, mo sì tọrọ àforíjì. Olùkọ́ èdè Faransé ni òun náà nígbà yẹn. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: il eût été dommage que vous ne le sussiez pas. Ìbá burú kí ẹ má mọ̀ ọ́n. Sussiez! Kò sí alààyè tí ń sọ ọ́. Ó mọ òfin náà láti ọjọ́ tí ó ti jókòó níwájú mi. Ó kàn yàn láti fi ohùn bàbá rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni.

Ohun tí mo ń ṣe ní kíláàsì mi láti ìgbà náà kò ṣòro. Gbogbo ìrísí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo ń kọ́ wọn láti dá mọ̀, nítorí wọn yóò bá wọn pàdé nínú ìwé. Ẹni kẹta ẹyọ ni mo ń kọ́ wọn láti kọ, fún àròkọ tí ó bá wà ní passé simple láti òkè dé ilẹ̀. Bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú àròkọ bá jẹ́ àgbẹ̀, ìyá ọlọ́jà tàbí ọmọ ilé ìwé, mo ń sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ vende níbi tí àwọn àgbà yóò ti kọ vendît, n kì í fọwọ́ kan ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ eut gagné níbi tí eût gagné yẹ, tí ó sọ aláìjàre di aláre, máàkì rẹ̀ yóò dín, kì báà wá kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì mi.